Ọjọ́ Tí Mo Mu Ìwé Tíṣà

Òórùn tàdáwà, yíǹkì ilé kéwú, ló máa ń jí mi láàárọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré l'Ọ́tà. Ilé kéwú Àfáà kò jìnnà sí fèrèsé wa. Bí a bá ti mọ ohun tí Àfáà kọ sí wàláà wa kà dáadáa, a ó fi omi fọ tàdáwà náà sínú abọ́, a ó sì mu ún. Hàǹtú nìyẹn. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò mu ún rí. Wọ́n ní ohun tí èèyàn bá mu kì í kúrò lórí rẹ̀ mọ́, èmi sì gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, nítorí mo jẹ́ ọmọ tó máa ń gbàgbé iṣẹ́ tí wọ́n rán an kó tó dé ẹnu ọ̀nà.

Bí oòrùn bá yọ, iléèwé ìjọba ló kàn. Tíṣà wa ní ìwé alàwòrán kan ṣoṣo, ìwé nípa ayé, òkun àti ẹranko. Gbogbo wa la máa ń rọ́ yí i ká. Ẹni tó rìn jìnnà jù nínú wa, Adó-Odò ló dé, ó sin ìyàwó lọ ni. Àmọ́ nínú ìwé yẹn la ti rí òkè yìnyín tó léfòó lórí omi, òyìnbó onírùngbọ̀n tó wọ awọ ẹranko, àti ẹyẹ kan tó dúró ṣánṣán bí akọ̀wé kóòtù, tí wọ́n ń pè ní pẹ́ńgúìnì. Mo fẹ́ràn ẹyẹ yẹn ju àbúrò mi lọ. Ẹ dárí jì mí, òótọ́ ni.

Bàbá mi, tó jẹ́ télọ̀, kò rí ìwúlò kankan nínú rẹ̀. Ó ní obìnrin tó mọ ẹyẹ òyìnbó tí kò mọ bí a ti ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ, kí ló fẹ́ fi ṣe? Nígbà tó gbọ́ pé ìsìpẹ́kítọ̀ ń bọ̀ wá dán wa wò, ó ní, "Màá wá dúró lójú fèrèsé. Bó o bá dáhùn dáadáa, máa lọ síléèwé rẹ. Bó ò bá rí nǹkan sọ, ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló kàn. Ẹnu dùn-ún ròfọ́." Bàbá mi kì í sọ ọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ̀rù bà mí gan-an.

Tíṣà fẹ́ kí n yege, ló bá fún mi ní ìwé náà lọ sílé lọ́jọ́ Jímọ̀, pé kí n mú un padà ní Mọ́ńdè. Mo kà á títí, orí mi ń jò bí ajẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ọgbọ́n kan sọ sí mi lọ́kàn. Mo bu omi sínú abọ́, mo lọ sẹ́yìn ilé, mo ń fi ìka fọ àwòrán lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń dárúkọ wọn bí mo ṣe ń fọ̀ wọ́n: ràkúnmí, aṣálẹ̀, àbùùbùtán, òkè tó ń yọ iná. Àwọ̀ ìwé ọ̀hún ń ṣí wẹ́rẹ́. Omi náà di búlúù, nítorí òkun ló pọ̀ jù láyé. Mo ṣe Bísímílà, mo gbé e mu. Ewúrẹ́ ìyá mi lá èyí tó kù. N kò mọ̀ bóyá òun náà ti mọ ọ̀nà Íńdíà inú ìwé yẹn.

Ìgbà tí mo wá wo ìwé náà ni mo tó mọ̀ pé mo ti dáràn. Ó ti wú bí búrẹ́dì inú omi. Mo gbé áyọ́ọ̀nù eléédú bàbá mi, mo fi tẹ̀ ẹ́, ojú ìwé kan sì lẹ̀ mọ́ èkejì. Nígbà tí mo fi máa yà wọ́n, àwòrán pẹ́ńgúìnì ti kúrò láyè rẹ̀, ó ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ràkúnmí.

Ní Mọ́ńdè, ìsìpẹ́kítọ̀, ọkùnrin Ẹ̀gbá kan tó dé akoto funfun, ṣí ìwé náà síwájú mi. Bàbá mi wà lójú fèrèsé. Òógùn bo Tíṣà.

"Kí lèyí?"

"Pẹ́ńgúìnì ni, sà. Ó gun ràkúnmí, ó ń padà sílé, ooru aṣálẹ̀ mú un jù."

"Ta ló sọ ìwé yìí dà báyìí?"

"Èmi ni, sà. Mo mu ún ni."

Kò rẹ́rìn-ín. Ó pa ìwé dé, ó ní níwọ̀n ìgbà tó ti wà nínú mi, kí n máa kà á láti inú ibẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ibi tí pẹ́ńgúìnì ń gbé, mo sọ ohun tí àbùùbùtán ń jẹ, mo sọ bí yìnyín ṣe ń léfòó. Kò sí èyí tí mo gbàgbé. Ṣùgbọ́n inú mi náà ti ń ka tiẹ̀, ó sì ń pariwo jù mí lọ. Nígbà tó béèrè nípa òkè tó ń yọ iná, mo tọrọ gáfárà, mo fi eré sí i, ó di ṣáláńgá. Láti ibẹ̀ ni mo ti kígbe pé, "Inú rẹ̀ ló gbóná, sà!" Ẹ̀rín pa gbogbo kíláàsì, mo ń gbọ́ wọn níbi tí mo lóṣòó sí.

Bàbá mi gba ìwé náà lọ́wọ́ Tíṣà, ó gbé e délé. Ó mú abẹ́rẹ́ ńlá, ó jókòó, ó fi rán ìwé náà pọ̀ padà, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn. Nígbà tó parí, ó sọ fún ìyá mi pé, "Jẹ́ kó máa lọ síléèwé. Bí mo bá gbé e sídìí ẹ̀rọ, á mu epo rẹ̀."

Èmi náà di tíṣà, mo ti fẹ̀yìn tì. Ìwé alàwòrán kún ilé mi, wọ́n dán, àwọ̀ wọn kì í ṣí. Mo ka ọ̀kan lọ́sẹ̀ tó kọjá; kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbàgbé ìdajì. Ọmọ tí mo jẹ́ nígbà yẹn kò gbàgbé ẹyọ kan. Mo mọ̀ báyìí pé kì í ṣe omi búlúù ló ṣe é. Ó fẹ́ ayé débi pé ó gbé e mu. Èmi, mo kàn ń kà á ni.