Ambrose Tapsell àti Igi Ńlá Inú Ilé Ọtí

Ohun tí gbogbo ìlú Wexley fi ń rántí olóògbé Ambrose Tapsell ni ọjọ́ tí Ọ̀gbẹ́ni Crabbe láti kánsù wá wo ilé ọtí Àgbọ̀nrín Funfun, bóyá kí wọ́n wó o. Crabbe gbé irinṣẹ́ ìdọ́gba rẹ̀, tí wọ́n fi ń mọ̀ bóyá ilẹ̀ tẹ́jú, lé ilẹ̀ pákó, ó wò ó, ó mi orí. Hilda Pargeter ń wò ó láti ẹ̀yìn káńtà. Òun ló ni ilé ọtí náà, inú yàrá òkè rẹ̀ ni wọ́n sì bí i sí.

"Ilé yìí ti wọ́, màdáámù. Ó ń ṣubú lọ."

"Irọ́ ni," Ambrose fọhùn láti ìdí iná. "Irinṣẹ́ yín ló wọ́."

Káfíńtà ni Ambrose. Kò ga ju àgbá bíà lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ga.

"Igi tútù ni wọ́n fi kọ́ ọ," ó ní. "Èèkàn igi ni wọ́n fi dè é, kò sí ìṣó kan níbẹ̀. Igi náà gbẹ, ó ká, ó jókòó. Irinwó ọdún ló ti jókòó! Ṣé ẹni tó ti jókòó tún ń ṣubú?"

"Nínú ilé ọtí, ó máa ń ṣubú dáadáa," Crabbe fèsì.

Ambrose ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ okùn kan tí òjé wà nídìí rẹ̀ lápò, ó gun àga, ó fi í kọ́ òkè opó ńlá. Òjé náà sọ̀ kalẹ̀, ó wọ inú ihò kékeré kan nínú pákó.

"Èmi ni mo lu ihò yẹn. Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ Míkáẹ́lì Mímọ́, ni mo ń wọn opó yìí. Ọdún kọkànlélógójì rèé, kò tíì yẹ̀."

Crabbe kúnlẹ̀, ó wò ó pẹ́. Bó ṣe ń dìde ló forí gbá igi ńlá tó dábùú lábẹ́ àjà yàrá náà. Gbì!

"Ẹ bẹ̀ wọ́n," Ambrose pàṣẹ.

"Àwọn ta?"

"Ẹ wá wó wọn nílé, ẹ tún ń kàn wọ́n! Ẹ bẹ̀ wọ́n!"

Òfin Ambrose nìyẹn: ẹni tó bá forí gbá igi náà gbọ́dọ̀ bẹ̀ ẹ́ kó tó mutí. Bíṣọ́ọ̀bù ti bẹ̀ ẹ́ rí.

"Ẹ má bínú, bàbá," Crabbe ní, ó di orí mú.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, lẹ́tà dé pé kí ilé ọtí náà máa wà. Hilda sunkún ayọ̀, ó yan páì ẹran fún Ambrose. Ambrose yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ó wọ́ díẹ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán.

Òun ló gé ẹsẹ̀ tábìlì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé kó lè bá ilẹ̀ wíwọ́ yẹn mu. Nígbà tí obìnrin Lọ́ńdọ̀nù kan fẹ́ rà á, Ambrose ní, "Kò burú, ṣùgbọ́n ẹ ó hú ilẹ̀ náà mọ́ ọn."

Ohun tó fi ń yangàn jù ni pé orí òun ò kan igi yẹn rí.

"Ẹ kúrú ni, Bàbá Tapsell," Hilda máa ń sọ.

"Ọ̀wọ̀ ni, Hilda. Mo mọ àgbà lágbà ni."

Nígbà tí Ambrose kú ní oṣù Èrèlé, wọ́n gbé e gba inú ilé ọtí lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bó ṣe ní kí wọ́n ṣe. Ọkùnrin mẹ́fà gbé pósí náà léjìká. Nígbà tí wọ́n dé abẹ́ igi ńlá, gbogbo wọn tẹ orí ba bó ṣe mọ́ wọn lára, wọ́n gbàgbé ohun tó wà léjìká wọn. Orí pósí náà gbá igi. Gbì!

Hilda jáde lẹ́yìn káńtà, ó gbé ọwọ́ lé igi náà.

"Ẹ má bínú, bàbá," ó ní. "Ambrose ni. Kò ṣe é rí."

Ẹ̀rín bú. Hilda náà rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, kò sì gbé ọwọ́ kúrò lára igi náà títí wọ́n fi gbé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjá lábẹ́ rẹ̀.