Ayò Ṣẹ́ẹ̀sì Tí Èmi àti Tíṣà Mi Ta Lórí Fóònù

Mò ń tú búláòsì kan tí mi ò rán dáadáa ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ọjà Ọba, l'Ákùúrẹ́, nígbà tí fóònù mi dún. Mo sáré na ọwọ́ sí i, ni réésà tí mo fi ń tú aṣọ bá ya aṣọ aláṣọ. Ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí mi ò ti lè jókòó pẹ́ lójú kan.

Ayò ṣẹ́ẹ̀sì ló fà á. Èmi àti tíṣà tó kọ́ mi ní ṣẹ́ẹ̀sì nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì ní Oǹdó la jọ ń ta á lórí fóònù. Wọ́n á kọ ibi tí wọ́n gbé ọmọ ayò sí ránṣẹ́, èmi náà á rò ó títí dọjọ́ kejì kí n tó fèsì. Ìdíje ẹgbẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì wa ni; àwọn ni máàkì wọn ga jù níbẹ̀. Tèmi wà nísàlẹ̀ pátápátá, torí látìgbà tí mo ti bímọ, mi ò ráyè. Ẹgbẹ́ sì ti sọ pé bí mo bá tún fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kan sí i, àwọn á yọ orúkọ mi. Yàtọ̀ sí ayò yìí, kò sí ohun mìíràn tí mò ń ṣe nígbà náà tí kì í ṣe aṣọ rírán tàbí ọmọ títọ́.

Àfi bí tíṣà ṣe gbé ayaba wọn, ọmọ ayò tó lágbára jù, síbi tí ẹṣin mi ti lè jẹ ẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ó yẹ kí n jẹ ẹ́ kíá. Ṣùgbọ́n bí àwọn òbí mi ṣe tọ́ mi, mi ò lè rí àgbà tó fẹ́ gbẹ́sẹ̀ sí kòtò kí n dákẹ́. Mo bá kọ̀wé sí wọn: "Ẹ káàsán sà. Mo wà lórí ìkúnlẹ̀ sà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ibẹ̀ lẹ fẹ́ gbé ayaba sí lóòótọ́?"

"Ìwọ télọ̀ yìí," ni wọ́n fi dá mi lóhùn, "ṣé ìwọ ló fẹ́ máa kọ́ mi ni? Ta tìẹ jàre."

Wọ́n rò pé mo fẹ́ fi ìkúnlẹ̀ dẹ́rù bà wọ́n kí wọ́n lè yí ọkàn padà ni. Mo rìn yí ilé ká, mo rìn yí ṣọ́ọ̀bù ká, mo bá jẹ ayaba. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí mò ń tú búláòsì yẹn, ni èsì wọn tó dé.

"Mo gbà," ni wọ́n kọ. "O pa mí. Má tún kúnlẹ̀ fún mi lórí ayò mọ́."

Lónìí, bí mo bá rántí, ara mi ni mo fi ń rẹ́rìn-ín: abiyamọ tó ń tọrọ àforíjì kó tó borí. Orúkọ mi ṣì wà nínú ẹgbẹ́.

Lọ́jọ́ yẹn, ọmọbìnrin mi jáde lábẹ́ tábìlì, ó ní, "Mọ́mì, ṣé wọ́n bú yín ni?"

Mo ní, "Rárá o. Mo na tíṣà mi nínú ayò ni. Bí ìwọ náà bá dàgbà, tó o bá rí i pé o lè nà mí, nà mí. Má kọ́kọ́ bẹ̀ mí."