Bíléńdà Tí Dúrótoyè Fi Ẹ̀wà Dán Wò

Bámidélé Dúrótoyè kò ra irinṣẹ́ kankan rí láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ fi ṣiṣẹ́ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń tà á. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi kọ́ àwọn ọmọ níṣẹ́ káfíńtà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Àkúrẹ́, níbi tí èmi náà ti ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Àwọn kan máa ń sọ pé ogún ọdún ni. Wọn kò kà á dáadáa. Bó bá fẹ́ ra ayùn, yóò gbé igi lọ́wọ́ láti ilé. Bó bá fẹ́ ra ìfági, yóò há pákó sí abíyá. Ọlọ́jà yóò máa pariwo pé, "Ọ̀gá, tuntun ni o!" Dúrótoyè yóò dáhùn pé, "Ọmọ tuntun náà, wọ́n ń gbé e lé ìwọ̀n." Àfi bí ayùn bá gé igi rẹ̀ kó tó ki ọwọ́ bọ àpò.

Nítorí náà, nígbà tó sọ fún mi pé òun fẹ́ ra bíléńdà, ó yẹ kí n ti mọ ohun tó ń bọ̀.

Ọdún 2024 ni. Ẹ kò tíì gbàgbé ọdún yẹn. A ń rọ epo bẹntiróòlù sínú jẹnẹrétọ̀ bí ẹni tó ń kán oògùn sójú, iná ọba ń yọjú bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó, ìrẹsì sì di ohun tí à ń kí láti òkèèrè. Ọdún náà ni ìyá Dúrótoyè, tí wọ́n ń gbé ní Òkè-Lísà nílùú Oǹdó, kọ oúnjẹ. Wọn kò ṣàìsàn. Eyín ló tán. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin ni wọ́n, eyín méjì tó kù lẹ́nu wọn kò sì kọjú síra. Ògì ni wọ́n ń mu láàárọ̀, ògì lọ́sàn-án, ògì nírọ̀lẹ́. Dókítà ní ògì nìkan kò tó. Ẹ̀wà àti ẹja àti ẹ̀fọ́ gbọ́dọ̀ máa wọ inú wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, lọ́jọ́ kan wọn kò ní lè dìde lórí ibùsùn. Aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ti ń wọ́ nílẹ̀ lẹ́yìn wọn.

Dúrótoyè gbé bíléńdà oníjọ́ọ̀gì ilé rẹ̀ lọ sí Oǹdó. Ó lọ ẹ̀wà tó kúnná bí ìpara, ó dà á sínú abọ́, ó gbé e síwájú ìyá rẹ̀.

"Ta ló lọ̀ ọ́?" ni Màmá bi í.

"Èmi ni, Màmá."

"Ìwọ ni kí o jẹ ẹ́."

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, ìyàwó rẹ̀, Títílayọ̀, lọ gbìyànjú tirẹ̀.

"Ta ló lọ̀ ọ́?"

"Èmi ni, Màmá."

"O ṣeun, ọmọ mi. Gbé e lọ fún ọkọ rẹ."

Dúrótoyè padà wá bá mi, ó ti rí ìdí ọ̀rọ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe rò. "Jọ́ọ̀gì yẹn ni Màmá kò fẹ́. Wọn kò fẹ́ kí á da oúnjẹ kúrò nínú ìkòkò sínú nǹkan mìíràn. Bíléńdà àfọwọ́dìmú ni mo fẹ́ rà, èyí tó gùn bí igi, tí à ń tì bọ inú ìkòkò tí a fi se oúnjẹ gan-an." Ohun tó fẹ́ rà dára. Ìdí tó fi fẹ́ rà á ni kò tọ̀nà, ṣùgbọ́n a kò tíì mọ̀.

Ní òwúrọ̀ Sátidé, ó kan ilẹ̀kùn mi. Ìkòkò kan wà lábíyá rẹ̀, wọ́n fi táwẹ́ẹ̀lì wé e bí ọmọ jòjòló.

"Kí nìyẹn?"

"Ẹ̀wà. Títílayọ̀ sè é ní ìdájí. Ẹja gbígbẹ àti ẹ̀fọ́ wà nínú rẹ̀."

"Ṣé ọjà la ń lọ ni, àbí ibi ìkómọ?"

"Tíṣà, ṣé wàá ra ayùn láìgé igi?"

Mo wọ bàtà mi. A gba ọ̀nà Ọjà Ọba lọ. Ṣọ́ọ̀bù àkọ́kọ́ lé wa jáde. "Ọ̀gá, ẹ̀rọ iná la ń tà níbí, a kì í ṣe bùkà!" Èkejì gbà pé kí a dán an wò, ṣùgbọ́n kí a dán an wò gbígbẹ. Ó ki bíléńdà bọ iná, ó gbé e sókè nínú afẹ́fẹ́, ó ń kùn yùn-ùn. "Ẹ wò ó, ó ń ṣiṣẹ́!" Dúrótoyè mi orí. "Afẹ́fẹ́ ló ń lọ̀. Ìyá mi kì í jẹ afẹ́fẹ́." A jáde.

Ṣọ́ọ̀bù kẹta jẹ́ ti obìnrin kan tó ń jẹ́ Bímbọ́lá Akínyẹmí. Fíríìjì funfun mẹ́ta tò sí ẹ̀gbẹ́ ògiri, ìyá ọkọ rẹ̀ sì jókòó sórí àpótí níwájú wọn, wọ́n ń bó ẹ̀gúsí sínú igbá. Bímbọ́lá wo ìkòkò náà, ó wo ojú Dúrótoyè, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin lẹ máa fọ ohun tó bá dọ̀tí o."

Ó gbé bíléńdà àfọwọ́dìmú mẹ́ta sílẹ̀. Ó kọ́kọ́ yin èyí tó tóbi jù, tó ní ẹ̀yà orísìírísìí nínú páálí. "Ọ̀gá, èyí ń lọ nǹkan, ó ń po ẹyin, ó ń gé àlùbọ́sà, ó ń ṣe kéèkì."

"Ṣé ó ń kọ orin ìsìn náà?"

"Ẹ̀yin bàbá yìí!"

Dúrótoyè yí i padà, ó ka ohun tí wọ́n kọ sí ìdí rẹ̀. "Ẹgbẹ̀rún wáàtì. Jẹnẹrétọ̀ kékeré ló wà nílé Màmá, ẹgbẹ̀ta ni agbára rẹ̀ mọ. Bí mo bá ki èyí bọ̀ ọ́, jẹnẹrétọ̀ ni yóò kọ́kọ́ lọ̀ kúnná. Gbé e kúrò."

Èkejì jẹ́ irinwó wáàtì. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, ìyẹn sì dára, nítorí ẹsẹ̀ oníke kì í bá ìkòkò gbígbóná rẹ́. Bọ́tìnnì rẹ̀ ni wọ́n fi ń polówó rẹ̀: bí o bá ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, o lè mú ìka kúrò, yóò máa ṣiṣẹ́ lọ. "Ọwọ́ kò ní ro yín," ni Bímbọ́lá wí, ó sì tan jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù.

Dúrótoyè ti igi náà bọ inú ẹ̀wà, ó tẹ̀ ẹ́. Ó dún dáadáa fún bí ìṣẹ́jú kan. Lẹ́yìn náà, ó ṣe gbọ̀ọ̀, ohùn rẹ̀ yí padà bí ti ẹni tí egungun há lọ́fun.

Pọ̀nmọ́ ni. Títílayọ̀ ti gé pọ̀nmọ́ sínú ẹ̀wà, nítorí láti ọdún tó ti fẹ́ ọkùnrin yìí, kò tíì rí i kó jẹ ẹ̀wà láìsí pọ̀nmọ́. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé irinṣẹ́ la fẹ́ fi ẹ̀wà náà dán wò.

Àṣìṣe ńlá wá tẹ̀ lé e. Dúrótoyè fa bíléńdà náà yọ láti wo ohun tó há sí i, láìpa á. Bó ṣe yọ ọ́ síta ni pọ̀nmọ́ já.

Ẹ̀yin ará mi, ẹ̀wà fò! Ó bo fíríìjì àkọ́kọ́, ó bo èkejì. Ó ta sí gèlè Bímbọ́lá, ó kọ àmì sí iwájú aṣọ mi funfun láti èjìká dé ìbàdí. Dúrótoyè yí ara po, ó ń wá bọ́tìnnì, ó sì kun fíríìjì kẹta. "Ẹ pa á! Ẹ pa á!" ni Bímbọ́lá ń ké lábẹ́ tábìlì. "Mi ò rí ibi tí wọ́n ti ń pa á!" ni Dúrótoyè ń dáhùn, ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀wà, ó na bíléńdà náà síwájú bí ẹni tó di ejò mú níbi ọrùn. Èmi ni mo rá pálá dé ìdí ògiri, tí mo fa wáyà rẹ̀ yọ.

Ẹ̀rọ náà dúró. Pọ̀nmọ́ kan rọra yọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lára fíríìjì, ó balẹ̀ pẹ̀tẹ̀.

Ìyá ọkọ Bímbọ́lá ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rín títí igbá ẹ̀gúsí fi dojú dé, títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n fi ìka gbọ́n díẹ̀ kúrò ní apá wọn, wọ́n lá a. "Ẹ̀wà yìí mà dùn o! Oúnjẹ ta lẹ gbé káàkiri ìgboro báyìí?"

"Ti ìyá mi ni, Màmá," ni Dúrótoyè wí, ó ń nu ojú. "Eyín wọn ti tán. A ń lọ oúnjẹ fún wọn, wọn kò jẹ ẹ́. Ìgbà gbogbo ni wọ́n ń béèrè ẹni tó lọ̀ ọ́."

Ìyá àgbà náà dáwọ́ ẹ̀rín dúró. "Kí ni wọ́n fi ń lọ nǹkan tẹ́lẹ̀?"

"Ọlọ. Ó ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn wọn. Wọ́n fi aṣọ bò ó."

"Ta ló ń lọ̀ ọ́?"

"Àwọn fúnra wọn ni. Wọn kò rán ata lọ sílé ẹ̀rọ rí."

"Ìwọ sì béèrè ohun tó ń ṣe wọ́n! Ṣé o rí ẹ̀gúsí yìí? Bíbó wà lọ́jà tí wọ́n ń tà. Bí Bímbọ́lá bá gbà á lọ́wọ́ mi lónìí pé kí n lọ sinmi, n kò ní fẹnu kan ọbẹ̀ rẹ̀ mọ́. Kì í ṣe jọ́ọ̀gì, ọmọ mi. Ọwọ́ wọn ni wọ́n ń wá nínú oúnjẹ. Gbé àwọn igi yẹn wá kí n wò wọ́n."

Bí ìdánwò náà ṣe kúrò lọ́wọ́ Dúrótoyè nìyẹn. Ìyá àgbà gbé èyí tó tóbi, wọ́n dá a padà. "Ọmọ odó rèé." Wọ́n gbé èyí tó kun fíríìjì. "Èyí kò gbọ́ràn. Ọwọ́ ti kúrò lára rẹ̀, ó ṣì ń ṣe tirẹ̀." Ẹ̀kẹta kéré, ó jẹ́ igba wáàtì péré, kò ní ẹ̀yà kankan, bọ́tìnnì kan ṣoṣo ló ní. Ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́ irin, ó sì ṣe é yọ fún fífọ̀. Bímbọ́lá kò tilẹ̀ polówó rẹ̀. Ìyá àgbà tì í bọ inú ẹ̀wà tó kù, lẹ́yìn tí mo ti fi ṣíbí ṣa gbogbo pọ̀nmọ́ kúrò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó kùn. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀, ó dákẹ́. Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ọwọ́ mi ń gbọ̀n díẹ̀. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ mi, yóò dákẹ́ fúnra rẹ̀. Èyí ni kí o rà."

Dúrótoyè rà á. Ó nu fíríìjì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tán kí Bímbọ́lá tó jẹ́ kó lọ, ó sì fi bírò kọ ìlànà sára páálí: *Rì í kí o tó tẹ̀ ẹ́. Jọ̀wọ́ rẹ̀ kí o tó yọ ọ́.* Mo ní kò tíì pé. Mo gba bírò, mo kọ ìkẹta: *Kò gbọdọ̀ sí pọ̀nmọ́.*

Lọ́jọ́ kejì, a wọ ọkọ̀ lọ sí Oǹdó, Dúrótoyè, Títílayọ̀ àti èmi. Màmá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ṣọ́ọ̀ṣì, gèlè ṣì wà lórí wọn. Títílayọ̀ se ẹ̀wà tuntun, ó yọ egungun ẹja kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó jẹ́ kó tutù díẹ̀. Dúrótoyè tan jẹnẹrétọ̀ lẹ́yìnkùlé. Ó gbé ìkòkò ka orí àpótí kúkúrú níwájú ìyá rẹ̀, ní ibi tí wọ́n máa ń gbé ọlọ sí, ó sì fi bíléńdà náà lé wọn lọ́wọ́.

"Kí ni kí n fi èyí ṣe?"

"Ẹ lọ ẹ̀wà, Màmá. Kò sẹ́ni tó tíì lọ̀ ọ́."

Wọ́n wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, bí olùkọ́ tó fura pé wọ́n ti fi nǹkan pamọ́ sábẹ́ àga òun. Wọ́n ti igi náà bọ inú ìkòkò. Wọ́n tẹ̀ ẹ́. Ó kùn, wọ́n fò sókè, ọwọ́ wọn yẹ̀, ó dákẹ́.

"Hẹn-ẹn! Ó bẹ̀rù mi!"

Wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́tẹ̀ yìí, èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í lọ síwájú sẹ́yìn, síwájú sẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kúnlẹ̀ ti ọlọ. Bíléńdà kò nílò ìyẹn rárá. Mo fẹ́ sọ fún wọn. Títílayọ̀ tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀ mọ́lẹ̀. Wọ́n lọ̀ ọ́ títí ó fi jọ̀lọ̀, wọ́n fi ìka kàn án, wọ́n ní kò tíì kúnná, wọ́n tún lọ̀ ọ́.

Nígbà tó tẹ́ wọn lọ́rùn, wọ́n bù ú sínú abọ́ fúnra wọn. Dúrótoyè sún mọ́ ìyá rẹ̀. Ó di etí tábìlì mú.

"Ta ló lọ̀ ọ́, Màmá?" ni ó bi wọ́n.

"Ojú rẹ fọ́ ni?"

Wọ́n jẹ ṣíbí kan. Wọ́n jẹ èkejì. Wọ́n jẹ ẹ́ dé ìdajì abọ́, lẹ́yìn náà wọ́n gbé ṣíbí sókè, wọ́n fajú ro.

"Ẹni tó se ẹ̀wà yìí kò mọ iyọ̀."

Títílayọ̀ pariwo ayọ̀. Oṣù mẹ́rin rèé tí Màmá kò ti rí àléébù kankan sí oúnjẹ, nítorí wọn kò jẹ ẹ́. Ó dì mọ́ wọn lọ́rùn, Dúrótoyè ń jó yí àpótí ká, jẹnẹrétọ̀ ń lùlù fún un lẹ́yìnkùlé, Màmá sì ń jà láti gba apá wọn sílẹ̀.

"Ẹ fi mí sílẹ̀ jàre! Ẹ lọ bu iyọ̀ wá! Ẹ kò rí i pé mò ń jẹun ni?"