Ijó Mẹ́rin Lórí Hápsíkọ́ọ̀dù ní Pápá Àjàó

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí nígbà tí mo rin ìrìn àjò yìí láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Orin ni mo fi kọ́ ọmọ. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ti dé ibùdókọ̀, bẹ́ẹ̀ aago márùn-ún ni wọ́n ní a ó gbéra. Mo jókòó, mo dìde. Mo tú báàgì mi wò bóyá ìwé orin wà níbẹ̀, mo pa á dé, mo tún tú u.

Ìsmáílà ló fa gbogbo ìdààmú yìí. Ọmọ Mushin ni, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ mi ló ti kàwé nígbà tó ń gbé lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ àgbà ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti di káfíńtà báyìí, ọdún mẹ́ta ló sì fi kan hápsíkọ́ọ̀dù kan. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ó jọ píánò lójú, ṣùgbọ́n òòlù kékeré ni píánò fi ń lu okùn, nígbà tí hápsíkọ́ọ̀dù ń fi ṣóńṣó ìyẹ́ ẹyẹ ta okùn, bí èékánná ṣe ń ta gìtá. Ní bí ọ̀ọ́dúnrún ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Yúróòpù a máa to ijó mẹ́rin tẹ̀léra lórí rẹ̀: alẹmáǹdì tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́, kùráǹtì tó ń sáré díẹ̀, sàràbáǹdì tó lọ́ra tó sì wúwo, àti jíìgì tó ń ta pọ́ún-pọ́ún bí ọmọdé tó ń fo okùn.

Alhaji Múráínà, ẹ̀gbọ́n Ìsmáílà, ló ni ṣọ́ọ̀bù káfíńtà tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ ní Pápá Àjàó. Ó ti sọ pé nǹkan yìí gba àyè wọ́dúróòbù mẹ́ta. Bí kò bá dún dáadáa létí àwọn àlejò tí wọ́n pè wá gbọ́ ọ ní Sátidé tí mò ń lọ yìí, yóò jáde ní ṣọ́ọ̀bù, wọn yóò sì fi pákó rẹ̀ ṣe nǹkan mìíràn. Èmi ni wọ́n pè láti wá tẹ ijó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Ẹgbẹ̀rún méjìlá náírà ni owó ọkọ̀. Kòtò pọ̀ lọ́nà títí a fi dé Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn Ìbàdàn, ọ̀nà já gaara. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo sọ̀ ní Jíbówú. Mo ra ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ewé la fi ń pọ́n ẹ̀kọ nílé wa, òórùn ewé náà sì wà lára adùn rẹ̀. Ọ̀rá ni wọ́n fi dì í níbẹ̀. N kò lè jẹ ju ìlàjì lọ. Mo wọ kẹ̀kẹ́ márúwá.

Onímárúwá náà ń wò mí nínú dígí. "Màmá, ṣé kò sí o? Ẹ̀ ń tẹ báàgì yẹn bí ẹni tó ń tẹ POS."

"Orin ni mo ń dánra wò, ọmọ mi."

"Orin píánò?"

"Rárá. Ẹ̀gbọ́n píánò ni."

"Ṣé píánò náà ní ẹ̀gbọ́n ni? Háà, Èkó!" Ó rẹ́rìn-ín títí a fi kọjá Ìdí-Àràbà.

Nígbà tí mo dé Pápá Àjàó, orí ìdúró ni mo ti mọ̀ pé nǹkan bàjẹ́, nítorí Ìsmáílà jókòó sílẹ̀, kò sì dìde kí mi. Hápsíkọ́ọ̀dù náà ń dán tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi rí ojú mi nínú rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Kò sí ohùn. Mo tẹ ibòmíràn, ó ṣe kó! bí ẹni ṣẹ́ igi gbígbẹ.

Alhaji jáde pẹ̀lú ẹ̀rín. "Ìyá Tíṣà, ẹ káàbọ̀ o! Ẹ ò rí bó ṣe ń dán? Lánàá tí Ìsmáílà lọ yá àga ni mo kùn ún ní fáníìṣì lẹ́ẹ̀mẹta, inú àti ẹ̀yìn. Àlejò ò lè wá bá igi gbígbẹ níwájú ṣọ́ọ̀bù mi."

Nínú iṣẹ́ tiwọn, bẹ́ẹ̀dì tí kò dán kò tíì parí. Ṣùgbọ́n pákó pẹlẹbẹ tó wà lábẹ́ okùn hápsíkọ́ọ̀dù gbọ́dọ̀ fúyẹ́ kó tó lè gbé ohùn. Fáníìṣì náà sì ti ṣàn wọ ihò àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé ìyẹ́ lọ sókè, ó lẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀.

"Alhaji, ẹ ti pa á," mo wí.

Ojú rẹ̀ yí padà. Mo kábàámọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó dára jù lọ́wọ́ rẹ̀ ló mú wá, mo sì jágbe mọ́ ọn.

Ìsmáílà ní, "Ẹ jẹ́ ká tú u, mà."

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́kànléláàádọ́ta ni. Mo ń fi pẹ́ńsù kọ nọ́ńbà sára ọ̀kọ̀ọ̀kan bó ṣe ń jáde, mo tò wọ́n sórí ìwé ìròyìn bí akẹ́kọ̀ọ́ ní àpéjọ àárọ̀. Alhaji mú abẹ fẹ́lẹ́, ó jókòó tì wá láìjẹ́ pé a pè é.

"Jẹ́ẹ́jẹ́, Alhaji. Fífá ni, kì í ṣe gígé."

"Ìyá Tíṣà, ṣé ẹ máa nà mí ni?"

A rẹ́rìn-ín, àmọ́ ojú mi kò kúrò lára aago. Ó dìde lọ kírun àílà, ó padà wá jókòó. Nígbà tí aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mọ́kàndínláàádọ́ta ti ń lọ ti ń bọ̀. Méjì lápá òsì kò tú.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ orin láti Yaba ti dé, pẹ̀lú àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì láti Ìdí-Àràbà àti àwọn aládùúgbò. Ohùn náà rẹlẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fa àga súnmọ́ mi. Alhaji fúnra rẹ̀ lọ bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n pa ẹ̀rọ ìlagi wọn. Mo tẹ alẹmáǹdì, mo tẹ kùráǹtì. Nígbà tí mo dé sàràbáǹdì, obìnrin kan ní, "Ta ló máa jó èyí?" Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé, "Ẹni tí orúnkún ń dùn." Wọ́n rẹ́rìn-ín, lẹ́yìn náà wọ́n gbọ́ ọ dé òpin.

Mo gbé ọwọ́ kúrò.

"Ìyá Tíṣà, mẹ́rin lẹ ní," Alhaji wí. "Ìkẹrin dà?"

"Jíìgì nílò ohùn méjì tí kò tíì tú, Alhaji."

Ìsmáílà wolẹ̀. Mo rò pé ó ti parí fún un nìyẹn. Alhaji dìde síwájú gbogbo wọn.

"Ẹ gbọ́ o. Kì í ṣe àbùkù àbúrò mi. Èmi ni mo fi fáníìṣì lẹ̀ ẹ́ pa." Ó lọ di wọ́dúróòbù kan mú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Ìsmáílà, gbá ọ̀hún mú. Èyí ló máa bọ́ síta. O nílò àyè tí o máa fi tún tìẹ ṣe."

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, láìtẹ jíìgì. Òórùn fáníìṣì ṣì wà lọ́wọ́ mi. Mo ti kọ́ ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, síbẹ̀ ọ̀dọ̀ Alhaji ni mo ti rí i bí àgbà ṣe ń gba ẹ̀bi rẹ̀ lójú àwùjọ. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n: kí ẹ tó ran ẹnìkan lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ bi í bí iṣẹ́ náà ṣe ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá sì ti bà á jẹ́, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó dá ìtìjú náà gbé.