Ọjọ́ Tí Omi Kò Tètè Tutù ní Ẹ̀pẹ́

Òórùn wàrà tó ti kan ni mo kọ́kọ́ gbọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà ní Ẹ̀pẹ́. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, mo níyàwó nílé ní Ìgbògbò, síbẹ̀ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́ ni mí. Ìdánwò ìṣirò, èyí tó ṣẹ́kù fún mi, yóò bẹ̀rẹ̀ ní Ìkòròdú ní aago méjì ọ̀sán.

Ọ̀gá mi ní kí n kọ́kọ́ lọ pààrọ̀ sẹ́ńsọ̀ ṣílà kan nílé-iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe yógọ́ọ̀tì. Ṣílà ni ẹ̀rọ ńlá tó dúró síta, tó ń mú omi tutù fún àwọn táǹkì wàrà. Sẹ́ńsọ̀ inú páìpù rẹ̀ ló ń sọ fún un bí omi ṣe tutù tó. Èyí tó wà níbẹ̀ ti gbomi sínú, irọ́ ló ń pa. Ẹ̀rọ náà rò pé omi ti tutù, ó ń sinmi, wàrà sì ń bàjẹ́. Mo fa ti àtijọ́ yọ, mo fi gírísì sínú ihò rẹ̀, mo ki tuntun bọ̀ ọ́, mo sì fi fóòmù wé e kí oòrùn má baà tàn án jẹ. Ẹ̀rọ náà gbéra. Mo kó irinṣẹ́ mi, inú mi ń dùn bí ẹni tó ti yege.

Bàbá tó ń ṣọ́ géètì kò dìde. Ó ní Màdáàmù tó ni ilé-iṣẹ́ náà ti sọ pé ẹni tó bá tún ẹ̀rọ ṣe kò gbọdọ̀ jáde títí omi yóò fi tutù, torí ẹni tó wá ṣáájú mi kò tíì dé ibùdókọ̀ tí ẹ̀rọ fi dákẹ́.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìdánwò.”

“Ti ọmọ rẹ?”

“Tèmi ni, sà.”

Ó wo irùngbọ̀n mi. “Ìwọ yìí? Kíláàsì mélòó lo wà? Lọ jókòó, kó o máa kàwé. Bó o bá pariwo, màá nà ọ́.” Ó na píọ̀ wọ́tà tútù kan sí mi.

Mo padà sídìí ẹ̀rọ. Nọ́ńbà ojú rẹ̀ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Iná lọ, nọ́ńbà náà tún gòkè. Ògiri ọgbà ga, àfọ́kù ìgò sì wà lórí rẹ̀. Mo mọ̀ pé bí mo bá fa sẹ́ńsọ̀ yẹn jáde, tí mo rì í bọ inú píọ̀ wọ́tà náà, nọ́ńbà yóò já wálẹ̀ lójú ẹsẹ̀, Bàbá yóò sì ṣílẹ̀kùn. Mo di omi náà mú títí ó fi gbóná lọ́wọ́ mi.

Nígbà tí mo dé Ìkòròdú, àwọn tó ṣèdánwò ti ń jáde. Ìyàwó mi dúró lábẹ́ igi, ó gbé oúnjẹ mi lọ́wọ́.

“Omi ò tètè tutù,” mo ní.

“Ṣé ó wá tutù níkẹyìn?”

“Ó tutù.”

“Ó dáa, ẹ wá jẹun.”

Mo tún ìdánwò náà ṣe lọ́dún tó tẹ̀ lé e, mo sì yege. Ìyàwó mi ti ṣaláìsí báyìí. Èmi ni mo ń rán ara mi níṣẹ́ báyìí, mo ń jáde nígbà tó bá wù mí. Síbẹ̀, bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, mo máa ń dúró díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé mi, bí ẹni tí wọn kò tíì ṣílẹ̀kùn fún.