Àdúrà Tí Mo Ṣe Àmín Sí

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ra gúáfà ní Alábàtà, bí mo sì ṣe gbóòórùn rẹ̀ ni mo rántí àgbàlá Ìyá Ṣẹ́gun, aládùúgbò wa ní Adigbe. Ọ̀sán Sátidé kan ni, nígbà tí mo wà ní kékeré. Èmi àti ìyá mi ń pín ìwé ìléwọ́ ṣọ́ọ̀ṣì láti ilé dé ilé. Gúáfà tó já sílẹ̀ ń rà lábẹ́ igi, eṣinṣin sì ń kùn lórí rẹ̀.

Ìyá Ṣẹ́gun ń fọṣọ. Kò dìde.

“Ẹ kú iṣẹ́ o,” ìyá mi wí. “A ní kí ẹ wá bá wa jọ́sìn lọ́la.”

“Mo gbọ́, mà. Ṣùgbọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì yín náà ni wọ́n ti ń sọ pé èmi ni mo lé ọkọ mi jáde nílé.”

 Ìyá mi ń wo ọṣẹ tó ń hó nínú báàfù. Ó kúnlẹ̀ sínú omi tó dà sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ òun ló dàgbà jù. Mo rò pé àdúrà ló fẹ́ gbà, ni mo bá di ojú mi pinpin.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí.”

Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ẹnu ìyá mi ni ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń sọ nípa ọkọ Ìyá Ṣẹ́gun yẹn ti kọ́kọ́ jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì.

 Nígbà tí kò sẹ́ni tó ṣe àmín, mo ṣe é fúnra mi, sókè.

Ẹ̀rín ni mo gbọ́. Mo lajú, Ìyá Ṣẹ́gun ti di ìyá mi lápá mú, ó ń fà á dìde, omi sì wà lójú àwọn méjèèjì. Ìyá mi ò tún mẹ́nu ba ìsìn mọ́. Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó jókòó ti báàfù, wọ́n sì jọ fọṣọ náà tán.