Àmín tó ń Wá Láti Ìta

Jẹnẹrétọ̀ ló fà á. Àwọn kan máa ń sọ ọ́ nísinsìnyí pé Ẹ̀mí ló pe màmá mi síṣẹ́ ìwàásù. Bóyá lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn ni Ẹ̀mí dé. Èyí tó kọ́kọ́ pè wọ́n ni jẹnẹrétọ̀ ilé iṣẹ́ bisikíìtì tó wà lẹ́yìn ògiri ṣọ́ọ̀ṣì wa. Tí wọ́n bá ti tan nǹkan ọ̀hún, ilẹ̀ á máa gbọ̀n, páànù á máa ké, ẹni tó jókòó sínú ọgbà ò ní gbọ́ ohun tí ẹnu ara ẹ̀ ń sọ.

Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun ni tiwa, l'Ágége, kò jìnnà sí Dọ̀pẹ̀mú tí èmi àti màmá mi ń gbé. Ẹni tó bá mọ irú ṣọ́ọ̀ṣì bẹ́ẹ̀ á mọ òfin ẹ̀. Obìnrin tó bá ń ṣe nǹkan oṣù lọ́wọ́ ò gbọdọ̀ wọlé. Èyí tó bímọ tí ọjọ́ ìwẹ̀nùmọ́ ẹ̀ ò tíì pé ò gbọdọ̀ wọlé. Èyí tí oyún bà jẹ́ lára ẹ̀ náà ò gbọdọ̀ wọlé. Ìta ni wọ́n máa ń jókòó, lórí bẹ́ńṣì, lábẹ́ àtíbàbà páànù kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ní ti pẹpẹ, kò sí obìnrin tó gbọdọ̀ tẹ̀ ẹ́, ìbáà jẹ́ arúgbó, ìbáà jẹ́ wòlíì. Wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Ọwọ́ màmá mi tó o. Ẹsẹ̀ wọn ni wọn ò fẹ́ rí níbẹ̀.

Wọ́n so sípíkà kan mọ́ àtíbàbà yẹn kí àwọn tó wà níta lè máa gbọ́ ìwàásù. Àsán ni. Ọdún yẹn ni àwọn ológun ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba sílẹ̀, gbogbo wa sì rò pé iná á máa wà. Iná wo? Ohun tí iná ń ṣe lábẹ́ ológun náà ló ń ṣe lábẹ́ alágbádá. Jẹnẹrétọ̀ ń ké lọ́jọ́ Àìkú bó ṣe ń ké lọ́jọ́ iṣẹ́, àwọn obìnrin yẹn á kàn jókòó, wọ́n á máa wo ògiri.

Ni Olùṣọ́ tó ń darí ìjọ wa bá ní kí màmá mi ran òun lọ́wọ́. Màmá mi ti kọjá ẹni tó ń ṣe nǹkan oṣù, kò sí ìgbà tí wọn ò lè wọlé, kò sí ìgbà tí wọn ò lè jáde. Ó ní kí wọ́n máa gbọ́ ìwàásù nínú ilé, kí wọ́n wá máa jáde lọ sọ ọ́ fún àwọn tó wà níta. Òun fúnra ẹ̀ ló rán wọn o! Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ìyẹn, torí nígbà tó yá, ṣe ló ń ṣe bíi pé ojú fèrèsé ni màmá mi bẹ́ gbà jáde. Mo mọ̀ pé "wọ́n" ló yẹ kí n máa fi pe Olùṣọ́. Ènìyàn jẹ́jẹ́ ni, láti ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń dọ̀bálẹ̀ kí màmá mi. Ṣùgbọ́n inú ṣì ń bí mi, mo sì jù ú lọ lọ́jọ́ orí. Ẹ fojú fo èyí fún mi.

Bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n á jókòó sẹ́yìn, wọ́n á gbọ́ díẹ̀, wọ́n á ká sùtánà wọn sókè, wọ́n á jáde. "Olùṣọ́ ní kí ẹ má sọ̀rètí nù." Wọ́n á tún wọlé lọ bu díẹ̀ sí i wá. Níbẹ̀rẹ̀, ohun tí wọ́n gbọ́ náà ni wọ́n ń sọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo irú àwọn tó wà níbẹ̀. Àwọn tó ti ilé iṣẹ́ ọ̀rá àti ilé iṣẹ́ aṣọ bọ̀ tààrà ni, oorun ṣì wà lójú wọn, ara ń ro wọ́n. Àwọn yẹn máa ń bèèrè ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó ń bi Olùṣọ́ ní nǹkan kan lórí pẹpẹ, àmọ́ ti màmá mi yàtọ̀. Ọ̀kan á ní, "Màmá, kí n má sọ̀rètí nù kẹ̀? Ọkọ mi tí ò wálé ńkọ́?" Màmá mi ò lè ní kó dúró, kí àwọn lọ bi Olùṣọ́ wá. Wọ́n á dá a lóhùn. Ìdáhùn yẹn ló di ìwàásù.

Mo ti gbọ́ ìwàásù láyé mi, mi ò tíì gbọ́ irú tiwọn. Tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní Èkìtì kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì wá bá mi l'Ékòó, ohùn wọn máa ń borí jẹnẹrétọ̀ láìjẹ́ pé wọ́n pariwo. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀ tán, wọ́n á bèèrè pé, "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n á sì dúró. Òótọ́ ni wọ́n ń dúró gbọ́ èsì. Tí kò bá yé yín, wọ́n á tún un sọ.

Obìnrin kan wà lára wọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ bisikíìtì yẹn gan-an, òórùn bisikíìtì ò kúrò lára ẹ̀. Oyún ń bà jẹ́ lára ẹ̀ lemọ́lemọ́. Bó bá ń múra àtiṣe ìwẹ̀nùmọ́ ti ọ̀kan, òmíràn á tún ti dé, ìyẹn ló fi jẹ́ pé kò fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ bí inú ṣọ́ọ̀ṣì ṣe rí mọ́. Síbẹ̀, kò sí Àìkú tí kì í wá. Lọ́jọ́ kan, màmá mi pa ọ̀rọ̀ Olùṣọ́ tì, wọ́n jókòó tì í lórí bẹ́ńṣì. Wọ́n ní, "Gbọ́ mi. Obìnrin ló kọ́kọ́ débi ibojì Olúwa, òun náà ni wọ́n kọ́kọ́ rán níṣẹ́. Àwọn ọkùnrin wà nínú ilé, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́rí. Ìta ni Jésù ti pàdé ẹ̀. Ìta níbi tó o jókòó sí yìí." Obìnrin náà bú sẹ́kún. Gbogbo àtíbàbà ní, "Àmín!"

Àmín yẹn ló kó bá wa. Nínú ilé, ìkéde ni Olùṣọ́ ń ṣe lọ́wọ́. Ó dákẹ́, ó wo ojú fèrèsé. Gbogbo ìjọ náà yíjú síbẹ̀.

Kò pẹ́ tí àwọn tí kò ní nǹkan kan ṣe níta fi ń wá jókòó síta. Àwọn ọkùnrin wá ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé. Mo bi bàbá kan pé kí ló dé tí wọn ò wọlé, wọ́n ní ooru ló mú nínú ilé. Ooru! Lábẹ́ páànù! Mo rẹ́rìn-ín títí. Mi ò mọ̀ pé ẹkún ló máa gbẹ̀yìn ẹ̀rín náà.

Àwọn alàgbà pe ìpàdé. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kí màmá mi máa wàásù lọ ni, àbí kí wọ́n dákẹ́. Ní ọ́fíìsì ìjọba ní Aláúsá tí mo ti ń ṣiṣẹ́, ìjọba àwarawa ti sọ gbogbo wa di alẹ́nu gboro, mẹ́sẹ́ńjà ń bá ọ̀gá jiyàn. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa, obìnrin lè wá sípàdé, ṣùgbọ́n kò lè nawọ́. Kí ni n ó ṣe? Àbúrò mi ọkùnrin ni mo lọ bá. Òun ló kéré jù nínú àwọn alàgbà, òun ló sì rí jájẹ jù, Omole, àdúgbò àwọn olówó, ló ti ń wa mọ́tò wá. Ẹ̀yìn mi yìí ló sùn lé dàgbà. Mo dé ilé ẹ̀, mo kúnlẹ̀ fún un.

Ó sáré gbé mi dìde. "Àǹtí mi, kí lẹ̀ ń ṣe yìí? Ṣé màmá yín nìkan ni? Mi ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàbùkù wọn."

Ó mú ìlérí ẹ̀ ṣẹ. Ìyẹn gan-an ni wàhálà.

Lọ́jọ́ ìpàdé, alàgbà kan ní kí wọ́n pa màmá mi lẹ́nu mọ́. Òmíràn ní kí wọ́n dá wọn dúró ná. Àbúrò mi dìde, omi ti lé sí i lójú. Ó ní ìtìjú ni fún ìjọ pé àwọn obìnrin ń jókòó sínú oòrùn àti òjò bí ẹni tí ò ní baba. Ó ní òun máa fi búlọ́ọ̀kù mọ àtíbàbà náà, òun máa so ó pọ̀ mọ́ ṣọ́ọ̀ṣì, òun máa ra sípíkà tó lágbára. Ó ní kí wọ́n fi màmá òun jẹ Ìyá Ìjọ, kí wọ́n sì fún wọn ní àga iyì níwájú. Gbogbo ilé pariwo Halelúyà. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ti ń lu ọwọ́ kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Ṣé ó yé yín? Tí wọ́n bá ti mọ ògiri àtíbàbà náà, wọ́n á ta òróró sí i. Tí wọ́n bá ti ta òróró sí i, inú ṣọ́ọ̀ṣì ni. Obìnrin kì í wàásù nínú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Èyí tí ara ẹ̀ ò mọ́ ò sì gbọdọ̀ wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì wa. Kò sí pé wọ́n lé ẹnikẹ́ni. Ìta ni kò ní sí mọ́.

Mo wo màmá mi. Àbúrò mi ni wọ́n ń wò. Ojú ẹ̀ ń dán, inú ẹ̀ ń dùn, bí ìgbà tó wà lọ́mọdé tó bá gba ipò kìíní wálé. Wọ́n ní, "Ọlọ́run á bù kún ẹ, ọmọ mi."

Nígbà tá a délé, mo bínú débi tí mo fi ń pariwo lé ìyá mi lórí. "Màmá, ẹ kọ̀ ọ́! Ẹ ní ẹ ò fẹ́!"

Ẹ̀wà ni wọ́n ń ṣà. "Kí n kọ kí ni? Kí n ní kí ọmọ mi má kọ́lé Ọlọ́run? Kí n ní kí òjò máa pa ọmọ ọlọ́mọ lọ?"

"Àwọn ọmọ ọlọ́mọ ọ̀hún ò ní lè débẹ̀ mọ́!"

"Mo mọ̀." Wọ́n ju òkúta kan sílẹ̀. "Tó bá jẹ́ ọ̀tá ló ṣe é, ǹ bá mọ ohun tí mo máa sọ."

Mo ní ká kúrò níbẹ̀, ká lọ sí àwọn ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó ń yọ nínú àwọn ilé ìkẹ́rù, níbi tí ìyàwó pásítọ̀ ti ń di máìkì mú. Wọ́n wò mí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó ta ni mo fẹ́ lọ jẹ́ níbẹ̀?"

Mo padà lọ bá àbúrò mi. Mo ṣàlàyé, ó fetí sílẹ̀, ó mi orí. Ó ní, "Àǹtí mi, ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ náà ni wọ́n máa fi dúró sílé, kí wọ́n wá tí ara wọn bá mọ́." Mo ní ti ẹlòmíì ńkọ́, tí kì í mọ́. Kò mọ ohun tí mo ń sọ. Ó bi mí bóyá màmá á fẹ́ràn àga aláwọ̀ pupa. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ.

Àwọn bíríkìlà dé. Kò pẹ́ rárá, ọmọ ọlọ́wọ́ ló ń kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ ìyàsímímọ́, Olùṣọ́ ta òróró sí igun ògiri tuntun náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó dọ̀bálẹ̀ fún màmá mi, ó di ọwọ́ wọn mú, ó mú wọn lọ sórí àga. Àga náà ga jù fún wọn, ẹsẹ̀ wọn ò balẹ̀ dáadáa. Ó ní kí Ìyá Ìjọ dìde kí wọ́n juwọ́ sí ìjọ. Wọ́n dìde, wọ́n juwọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ya ẹnu bí ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀. Àwọn akọrin ti gbé orin. Kò sẹ́ni tó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, mo lè búra. Bí a ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀ṣì wa nìyẹn, kí ibi kankan má bàa pa rọ́rọ́. Wọ́n jókòó padà.

Ojú fèrèsé ni mo ti rí obìnrin oníbisikíìtì yẹn ní gétì. Oyún ti tún bà jẹ́. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ń bá a sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń fi ògiri tuntun hàn án. Mo dìde, mo jáde lọ bá a. Mo dúró níwájú ẹ̀. Èmi kọ́ ni màmá mi. Mo ṣáà ní, "Ó máa dáa."

Ó ní, "Ẹ bá mi kí Màmá." Ó rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé iṣẹ́ wọn, jẹnẹrétọ̀ sì ń ké. Mi ò rí i mọ́ láti ọjọ́ yẹn.

Sípíkà tuntun dára o, mi ò lè parọ́. Gbogbo igun ló ń dé, kò sẹ́ni tí kì í gbọ́ Olùṣọ́ mọ́ nínú gbogbo àwa tá a wà nínú ilé. Ẹ̀yìn àga màmá mi ni mo máa ń jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti ṣàkíyèsí pé ètè wọn ń mì. Mo rò pé àdúrà ni. Mo na ọrùn, mo gbọ́ ọ. Bí Olùṣọ́ bá ti sọ gbólóhùn kan tán, wọ́n á tún un sọ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, lọ́nà tó máa fi yé ènìyàn: "Olùṣọ́ ní kí ẹ má bẹ̀rù." Lẹ́yìn náà, "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n á sì dúró díẹ̀.

Àìkú kan, wọ́n yíjú sí mi. "Àwọn wo ló wà níta lónìí?"

Mo ní, "Kò sẹ́nì kankan níta mọ́, Màmá."

"Níbo ni wọ́n wá wà?"

Olùṣọ́ ní ká ṣe Àmín, a sì ṣe é.